Èèwọ̀ Ara àti Àká Oúnjẹ

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí à ń pè ní èèwọ̀. Àwọn tí ń bọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Àwọn ìdílé mìíràn ní ẹran tí wọn kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kì í ṣe ti òrìṣà tàbí ti orílẹ̀. Ti ara ni. Alẹ́jì ni gbogbo ayé ń pè é, orúkọ tí Clemens von Pirquet, oníṣègùn ará Ọ́sítríà, dá sílẹ̀ ní ọdún 1906. Èèwọ̀ ara ni èmi yóò máa pè é, nítorí pé orúkọ yìí kọ́ wa ní ohun tí ó yẹ kí a ṣe.

Ara ènìyàn ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń bá àrùn jà. Nínú ẹni tí ó ní èèwọ̀ ara, àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí a máa ka èròjà amáradàgbà inú oúnjẹ kan sí ọ̀tá. Ẹ̀pà, edé, ẹja, ẹyin, wàrà, sóyà àti àlìkámà wà lára àwọn oúnjẹ tí ó sábà ń fà á. Ara onítọ̀hún lè máa yún un, ètè àti ahọ́n rẹ̀ lè wú, ó lè máa bì, mímí sì lè nira fún un. Bí ó bá le, ó lè pa á láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí a má ṣe fi èyí wé inú rírun tí wàrà máa ń fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìwádìí tí Norman Kretchmer, Olikoye Ransome-Kuti àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 1971 fi hàn pé inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá kò lè da ṣúgà inú wàrà. Ìyẹn ń ni ni lára, ṣùgbọ́n kì í pa ni.

Ẹni tí ó bá ṣèèṣì jẹ èèwọ̀ òrìṣà lè ṣe ètùtù. Ara kò gba ètùtù, kò sì mọ̀ pé àìmọ̀ ni. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé inú àká ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìṣọ́ra, kí ó tó kan ìkòkò. Ẹ̀pà tí ó wà ní odidi kò lè fara pamọ́. Èyí tí a ti lọ̀ ni ó ń fara pamọ́. Kúlíkúlí wà nínú yájì tí a ń bu sí sùyà. Ẹ̀pà sábà máa ń wà nínú ìyẹ̀fun àgbàdo àti sóyà tí a ń rò fún ọmọdé. Ẹ̀rọ tí ó lọ ẹ̀pà ní àárọ̀ lè lọ èlùbọ́ wa ní ọ̀sán. Iná kò sì wo èyí sàn: yíyan a máa mú kí ẹ̀pà tún le sí i fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, edé gbígbẹ tí a sè náà kò yí padà.

Ìlànà mi kò pọ̀. Èkíní, ohun tí a bá fẹ́ tọ́jú pẹ́, kí a tọ́jú rẹ̀ ní odidi, kí a sì lọ̀ ọ́ nílé. Odidi ọkà a máa pẹ́ ju ìyẹ̀fun lọ, kì í sì í bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Èkejì, kí ó gbẹ dáadáa: omi inú àgbàdo kò yẹ kí ó ju ìdá 13 nínú 100 lọ. Bí a bá wá dé e pa nínú agolo tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú láìlo oògùn. Ẹ̀kẹta, kí èèwọ̀ má wọlé rárá. Bí kò bá ṣeé yẹ̀, kí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ó má baà dà sórí èyí tí ó mọ́, kí ó sì ní ìgbakọ tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí a so okùn pupa mọ́ ọn, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè dá a mọ̀.

Yíyọ nǹkan kúrò nìkan kò tó. A ní láti fi òmíràn dípò rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ lè dípò ẹ̀pà fún ẹni tí ara rẹ̀ gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìbátan ni ẹ̀wà àti ẹ̀pà: ọ̀pọ̀ ẹni tí kò lè jẹ ẹ̀pà a máa jẹ ẹ̀wà, kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹni tí edé jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún alákàn pẹ̀lú. Kí oníṣègùn sọ̀rọ̀ kí a tó dán an wò.

Nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n, ohun tí a bá rí ni a ń jẹ. Ẹni tí mo ń sọ yìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà àká ṣe pàtàkì fún un ju fún ẹnikẹ́ni lọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Mo bẹ ẹ̀yin àgbà: ẹ má ṣe pe ọmọ tí ó kọ oúnjẹ nítorí èèwọ̀ ara ní àkẹ́bàjẹ́, ẹ má sì fi díẹ̀ pamọ́ sínú ọbẹ̀ láti dán an wò. Bí ó bá ṣèèṣì jẹ ẹ́ tí èémí rẹ̀ ń há, ẹ má ṣe fún un ní epo mu. Abẹ́rẹ́ adrenaline àti ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Èèwọ̀ ẹnìkan nínú ilé, èèwọ̀ gbogbo ilé ni.