Bí Màmá Bá Ṣubú Nínú Balùwẹ̀

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Màmá dìde láti lọ tọ̀, kò tanná kó má baà jí ọmọ-ọmọ tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi tí wọ́n fi wẹ̀ lálẹ́ àná ṣì wà lórí táìlì. Gbì! Kí àwọn ará ilé tó débẹ̀, màmá ti na gbọọrọ sílẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ọgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kúrú ju tòsì lọ, àwọn ọmọ-ìka rẹ̀ sì kọjú síta. Ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí á ti fura kí wọ́n tó ya X-ray rárá: egungun itan ti ṣẹ́ lókè, níbi tó ti wọnú ìbàdí.

Ti àwọn mìíràn kì í hàn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣì máa tiro kiri fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á ní òkè itan ló kàn ń dun àwọn.

Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e nínú ilé kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n á gbé màmá sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi òrí ra ìbàdí, wọ́n á gbé póò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹnìkan á sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má yọ màmá lẹ́nu, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Ìfẹ́ ló wà nídìí ẹ̀. Ìsinmi yẹn gan-an ló sì ń pa àgbàlagbà. Téèyàn bá dùbúlẹ̀ gbére, kì í mí kanlẹ̀ mọ́, òtútù àyà á ráyè wọlé. Ẹ̀jẹ̀ á dì nínú òpójẹ̀ ẹsẹ̀, ó sì lè gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí àti gìgísẹ̀ á dá egbò, ẹran ara tó ń gbé èèyàn dúró á máa yọ́ lójoojúmọ́. Níbi púpọ̀ láyé, nínú àgbàlagbà mẹ́wàá tí ìbàdí wọn ṣẹ́, bíi méjì sí mẹ́ta ni kì í lò tó ọdún kan sí i.

Ilé ẹni tó ń to egungun ni ọ̀pọ̀ ẹbí kọ́kọ́ máa ń rántí. Egungun apá tí ọparun lè há mọ́ra, àwọn kan nínú wọn ti tò ó tó jinná. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ, pé ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni aláìsàn á dìde. Ṣùgbọ́n ìbàdí jìn sínú ẹran. Ọparun wo ló máa débẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ tún ni ìṣòro kejì. Àwọn òpójẹ̀ tín-ín-rín tó ń bọ́ orí egungun itan, ara ọrùn egungun náà ni wọ́n gbà kọjá. Bí ọrùn bá ṣẹ́ tó sì yẹ̀, wọ́n lè já, orí egungun á sì kú díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà egungun fi sábà máa ń yọ orí náà, tí wọ́n á fi irin rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ọrùn ló ti ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń débẹ̀ dáadáa. Irin àti skúrù ni wọ́n á fi dè é pọ̀.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí iṣẹ́ abẹ náà wáyé? Ní England, ìlànà tó jáde ní 2011 ní ọjọ́ tí aláìsàn dé ọsibítù ni, tàbí ọjọ́ kejì. Wọn ò fi ẹnu lásán sọ ọ́ níbẹ̀: láti 2010 ni wọ́n ti ń fi owó lé owó ọsibítù tó bá ṣe é láàárín wákàtí 36, tó sì pé lórí ìtọ́jú tó kù. Àwọn olùwádìí kan tún fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pín aláìsàn 2,970 ní orílẹ̀-èdè 17 sí ọ̀nà méjì. Apá kan dórí tábìlì ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, apá kejì ní nǹkan bíi wákàtí 24. Nínú èsì tó jáde ní 2020, ikú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ó jẹ́ 9 nínú ọgọ́rùn-ún sí 10. Àmọ́ àwọn tí wọ́n yára ṣe é fún tètè dìde dúró, ọkàn wọn kò sì dàrú tó tàwọn yòókù. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tan ara rẹ̀ o: ọjọ́ kan péré ni àwọn tó “pẹ́” níbẹ̀ fi pẹ́, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹbí fi ń pe ìpàdé.

Ẹ̀rù míì ni pé bí wọ́n bá kun màmá lóorun, kò ní jí mọ́. Wọ́n yẹ èyí náà wò ní ọsibítù 46 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, lára aláìsàn 1,600. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí ìsàlẹ̀ ara nìkan kú, àwọn kan sùn pátápátá. Lẹ́yìn 60 ọjọ́, àwọn tó ti kú tàbí tí wọn ò lè dá rìn jẹ́ 18.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, 18 lára àwọn tó sùn. Kò sí èyí tó fi bẹ́ẹ̀ sàn ju èkejì lọ.

Ìwádìí tó yẹ kí gbogbo nọ́ọ̀sì gbé sókè wá láti Trondheim, ní Norway. Èèyàn 397 tó ti pé 70 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gbogbo wọn ń rìn kí wọ́n tó ṣubú, ni wọ́n pín sí wọ́ọ̀dù méjì. Irú iṣẹ́ abẹ kan náà ni wọ́n ṣe fún wọn. Ní wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, egungun ni wọ́n gbájú mọ́. Ní wọ́ọ̀dù kejì, dókítà tó ń tọ́jú àgbàlagbà ló wà níbẹ̀: wọ́n ń wo oúnjẹ tí màmá jẹ kù, oògùn tó yẹ kó dín, ìrora, ìgbẹ́ tí kò yà, wọ́n sì ń gbé e dìde kíákíá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, àwọn ti wọ́ọ̀dù kejì ń rìn dáadáa ju àwọn ti àkọ́kọ́ lọ.

Lóru ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, màmá lè máa pe ìyá rẹ̀ tó ti kú, kó sì máa fa omi tí wọ́n so sí i lápá yọ. Wọ́n á ní ayé ti dé sí i. Ìrora, àìsàn tó wọ ara, oògùn kan, tàbí ìtọ̀ tó há ló sábà ń fà á, ó sì yẹ kí wọ́n pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ohùn ọmọ rẹ̀ àti awò ojú rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ ju okùn tí wọ́n fi ń de ọwọ́ lọ.

Egungun tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ń kéde pé egungun yòókù náà ti fẹ́lẹ́. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2007, wọ́n fún àwọn tí ìbàdí wọn ṣẹ́ ní oògùn kan tó ń jẹ́ zoledronic acid, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn tí egungun wọn tún ṣẹ́ dín sí 8.6 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó jẹ́ 13.9 lára àwọn tí kò gbà á. Ojú tí kò ríran kedere náà lè múni ṣubú o! Ní Nottingham, ní England, obìnrin 306 tó lé ní 70 ọdún ni wọ́n fi wádìí iṣẹ́ abẹ ojú àkọ́kọ́ tó ní cataract, ìyẹn àìsàn tó ń sọ ojú di bàìbàì. Àwọn tí wọ́n tètè ṣe é fún kò ṣubú tó àwọn tó ṣì ń dúró.

Tí wọ́n bá ń gbé màmá lọ, kí wọ́n má fa ẹsẹ̀ yẹn, kí wọ́n má ra á. Ìrọ̀rí ni kí wọ́n fi tì í lọ́tùn-ún lósì. Kí wọ́n kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání, àti ìgò àgbo tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí wọ́n mú awò ojú, eyín àtọwọ́dá àti bàtà tó di gìgísẹ̀ mú. Ní ọ̀la iṣẹ́ abẹ ni físíò máa gbé wọ́kà wá síwájú bẹ́ẹ̀dì, kò sì ní gbà kí màmá fi sílípáàsì rìn.