Lẹ́tà ìjẹ́rìí fún iléèwé ìṣòwò: ìwà wo ló yẹ ká kọ síbẹ̀?

Àwọn ọmọ wa ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ tó ti gba licence ń wá ọ̀nà wọ iléèwé ìṣòwò nílẹ̀ Faransé, ní Kánádà àti níbòmíràn. Àwọn iléèwé yìí sábà máa ń béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí, èyí tí Faransé ń pè ní lettre de recommandation. Ọ̀dọ̀ àwa olùkọ́ ni ọmọ máa ń wá, tàbí ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó bá ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: púpọ̀ nínú lẹ́tà tí à ń kọ kì í ran ọmọ lọ́wọ́.

Kí là ń kọ? « Ọmọ dáadáa ni, ó ń ṣiṣẹ́ kára, kì í pẹ́ dé. » Ẹni tó ń kà á ò rí ọmọ náà rí, irú ọ̀rọ̀ yìí náà ló sì ń kà nípa àwọn tó kù. Máàkì ọmọ ti wà nínú ìwé mìíràn. Lọ́dọ̀ wa, ó fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe ń bá èèyàn lò.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ní INSEAD, ní Fontainebleau nílẹ̀ Faransé, wọ́n máa ń pín ọmọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, ará ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ní Harvard, lÁmẹ́ríkà, nǹkan bí ọmọ 90 ló ń jókòó sí kíláàsì kan, tí wọ́n á jọ máa fa ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá sọ níbẹ̀ wà lára máàkì rẹ̀. Ẹni tí kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn á da iṣẹ́ rú mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin kan tí a kọ́ wá gba lẹ́tà lọ́wọ́ wa. A kọ́kọ́ kọ « sérieuse, dynamique » bí a ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí a tún un kà, ojú tì wá. Ta ni ò lè ni lẹ́tà yẹn? A pè é padà, a bi í pé kí ló ń ṣe lọ́jọ́ ọjà. Ó ní òun ló ń kọ ìwé àjọ àwọn ìyá tó ń ta gààrí. Lọ́jọ́ kan, owó ọwọ́ fi 5.000 sẹ́fà dín sí ti ìwé, wọ́n sì ń fura sí ìyá kan. Ọmọ yìí ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó ka ìwé náà sókè ní Yorùbá, orúkọ kan tẹ̀ lé òmíràn, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè máa bá a bọ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi rí i pé òun gan-an ló kọ owó ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn, ó sì bẹ ìyá náà.

A lọ bi àwọn ìyá náà kí a tó kọ ọ́, torí a ò gbọdọ̀ jẹ́rìí sí ohun tí a ò mọ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìlà mẹ́fà péré ló gbà nínú lẹ́tà.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń bà wá lẹ́rù. Harvard àti àwọn mìíràn máa ń bi ẹni tó ń jẹ́rìí pé: ìmọ̀ràn tàbí àtúnṣe wo lo ti fún ọmọ yìí, báwo ló sì ṣe gbà á? Àwa ò fẹ́ tú àṣírí ọmọ, la bá kọ pé kò ní àléébù kankan. Ta ló máa gbà á gbọ́? Ẹ kọ èyí tó ti tún ṣe: pé ó máa ń já lu ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, pé ẹ bá a wí, pé nígbà tó yá ó ń jẹ́ kí wọ́n sọ tán kó tó fèsì. Tó bá jẹ́ olè tàbí ìjà lẹ mọ̀ mọ́ ọn, ẹ má gbà láti kọ lẹ́tà rárá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má wá député tí kò mọ ọmọ yín káàkiri. Ọ̀gá kékeré tó ń rí i lójoojúmọ́ sàn jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ bá a ní oṣù kan ṣáájú, kó jókòó tì í, kó rán an létí iṣẹ́ tí wọ́n ti jọ ṣe. Kó má sì fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà náà kí ọ̀gá kàn wá buwọ́ lù ú.