Ta Ló Dúró fún Oníṣòwò Kékeré?

Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, ìmọ̀ràn tí ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀ máa ń gbọ́ ni pé kó gbọ́n, kó forí tì í, kó má sì bẹ̀rù àdánù. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n ìtàn Ìjẹ̀bú kò jẹ́ kí n gbà pé ó tó. Ọgbọ́n òwò kò wọ́n nílẹ̀ wa. Ohun tó wọ́n ni ẹni tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹni tí kò ní ilé tó lè fi dógò ní báǹkì.

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn lọ́dún 1892, àwọn Ìjẹ̀bú ló di ẹnu ọ̀nà mú láàárín ọ̀sà àti ilẹ̀ òkè. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibodè yìí nìkan ló sọ wọ́n di olówó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òwò wọn ì bá ti kú nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fipá ṣí ọ̀nà. Kò kú. Ogun gba ọ̀nà lọ́wọ́ wọn, kò gba ètò tí wọ́n fi ń fọkàn tán ara wọn: pàràkòyí tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọjà, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó so àwọn ẹlẹgbẹ́ pọ̀, àti èésú, owó tí wọ́n ń dá jọ tí ẹnìkọ̀ọ̀kan sì ń kó nígbà tó bá kàn án, tí Àjàyí Crowther ti kọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ lọ́dún 1843. Ẹni tó kọ́kọ́ kó èésú ti yá owó láìsan èlé, ẹni tó sì kó o kẹ́yìn ti fi owó pamọ́. Ìtìjú àti orúkọ rere ló dúró fún gbogbo wọn. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé èésú dé Trinidad, níbi tí wọ́n ṣì ń pè é ní susu títí dòní.

Ètò yìí kò tíì di ohun àtijọ́. Ní ìparí ọ̀rúndún tó kọjá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́ kó àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde jọ láti jíròrò bí wọ́n ṣe lè bá òṣì jà, Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà sì tì í lẹ́yìn. Lára ohun tó tibẹ̀ jáde ni abúlé ẹlẹ́ja ní Eriwe, níbi tí àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ wo ìdí tí ẹgbẹ́ fi ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ yìí. Oúnjẹ ẹja ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí èèyàn ná. Ẹni tó dá nìkan ní kòtò ẹja méjì ń ra oúnjẹ ní ìwọ̀nba, iye owó rẹ̀ sì ga. Bí ẹja bá ti tó tà, kò lè dúró de ọjà tó dára, nítorí ojoojúmọ́ ni ẹja ń jẹ èrè rẹ̀. Oníbàárà náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ bá wà lójú kan, wọ́n lè jọ ra oúnjẹ, àwọn oníbàárà yóò gbé ọkọ̀ wá bá wọn, ẹni tí ẹja rẹ̀ ń kú yóò sì rí ẹni tó ti kojú irú rẹ̀ rí béèrè lọ́wọ́.

Ẹnìkan lè ní kí ni ká wá sọ nípa àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí ìgboyà wọn sọ di ńlá, bíi Olóyè Adéọlá Odùtọ́lá, akọ̀wé tó di onílé-iṣẹ́ táyà, tó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ Nàìjíríà lọ́dún 1971, tàbí Ọ̀túnba Ṣúbọ́mi Balógun tó dá báǹkì sílẹ̀ lọ́dún 1982. Akin ni wọ́n lóòótọ́. Síbẹ̀, kí ni báǹkì bí kò ṣe owó ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n fi lé ẹni tí wọ́n fọkàn tán lọ́wọ́? Àtakò tó wúwo jù ni pé ẹgbẹ́ a máa ni èèyàn lára. Òtítọ́ ni. Nígbà àtijọ́, wọn a dógò ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì lè di ìwọ̀fà. Ohun búburú ni, inú mi sì dùn pé ó ti dópin. Bákan náà, ẹgbẹ́ kò lè fún ara rẹ̀ níná mànàmáná tàbí títì.

Ìdí rèé tí ìjọba fi ní ipa tirẹ̀. Òfin kan ti wà láti ọdún 2017 tó jẹ́ kí oníṣòwò lè fi ẹ̀rọ àti ọjà dógò ní báǹkì. Ìgbésẹ̀ rere ni, àmọ́ ẹni tó ti ń dá owó ẹgbẹ́ lọ́dún mẹ́wàá láìyẹ̀ ṣì lè dé iwájú báǹkì bí àjèjì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìpínlẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ owó tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti dá, kí báǹkì sì kà á sí ẹ̀rí nígbà tí onítọ̀hún bá wá yá owó. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti Eriwe.