BÍ A ṢE Ń FI Ẹ̀RỌ PA ẸYIN ADÌYẸ NÍNÚ ILÉ

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ ilé kéú wa àti ẹ̀yin jàmáà mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ náháwù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ sárúfù. Ọ̀rọ̀ adìyẹ ni. Àwọn òbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, títí dé Àbígi àti Ìwọ̀pin ní Ògùn Waterside, a máa bi wá léèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n ra ẹ̀rọ ìsàba fún ọmọ wọn, kí ọmọ lè máa ti ibẹ̀ rí owó ìwé. Èsì wa ni pé ó dára, nítorí adìyẹ kan kò lè sàba lórí ju ẹyin bíi mẹ́wàá tàbí méjìlá lọ, bí ó bá sì ti ń sàba kì í yé mọ́. Ṣùgbọ́n adìyẹ mọ ìgbà tí ẹyin rẹ̀ tutù, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó yí i. Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ ni yóò máa ṣe ìtọ́jú yẹn fúnra rẹ̀ fún odidi ọjọ́ 21, tọ̀sán tòru.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn ará Mísírà ti ń fi iná pa ẹyin kí a tó bí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a. Oníṣègùn kan tí wọ́n bí ní Baghdad ní ọdún 1162, Abdul-Latif al-Baghdadi, rin ìrìn àjò dé Mísírà, ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé rẹ̀ Kitaabul-Ifaada wal-I'tibaar. Inú yàrá tí wọ́n fi amọ̀ kọ́ ni wọ́n ń kó ẹyin sí, ìgbẹ́ ẹran gbígbẹ ni wọ́n sì fi ń dáná. Kò sí tẹmomítà nígbà náà. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Mísírà a máa fi ẹyin kan ìpéǹpéjú wọn, nítorí awọ ibẹ̀ tètè ń mọ ooru, wọ́n á sì mọ̀ bí ó bá ti gbóná jù. Ní 1749 ni ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Réaumur, ṣe ìwé lórí ọ̀nà yìí kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè kọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ rò pé ìwé Lárúbáwá kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju ìrun àti ààwẹ̀ lọ, ẹ gbọ́ o.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni ẹyin fúnra rẹ̀. Ẹyin inú kíréètì tí a ń rà lọ́jà, ẹyin adìyẹ àgíríìkì, kì í pamọ, bí ó tilẹ̀ lo oṣù mẹ́ta nínú ẹ̀rọ. Adìyẹ lè yé ẹyin láìrí àkùkọ, ìdí nìyí tí àwọn tí ń ta ẹyin jíjẹ kì í fi í kó àkùkọ sí àárín wọn. Ẹyin náà dára fún jíjẹ, hàlálì sì ni, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní àkùkọ kan láàárín àgbébọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni kí a ti wá ẹyin. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ẹyin òun kò rí àkùkọ, tí ó sì tà á fún ẹni tí ó sọ pé òun fẹ́ fi pa ọmọ, ẹ̀tàn ni ó ṣe, owó náà kò sì mọ́.

Kí ẹyin má ju ọjọ́ méje lọ lẹ́yìn tí wọ́n yé e. Ibi tí ó tutù nínú ilé ni kí a fi í sí, kì í ṣe inú fíríìjì. Kí a má fi omi fọ̀ ọ́, nítorí ohun kan wà lára èèpo rẹ̀ tí ń dí ìdọ̀tí lọ́nà, omi a sì máa ṣí i kúrò. Ẹyin tí ọ̀kadà gbé la gbágungbàgun kọjá gbọ́dọ̀ sinmi di ọjọ́ kejì kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ, kí orí rẹ̀ tí ó tóbi wà lókè, torí pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú ẹyin wà.

Ẹ̀rọ náà kò ju àpótí lọ, káfíńtà tí ó bá mọṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú àwọn onípákó, lè kàn án. Ó nílò ohun tí yóò mú un gbóná, àwo omi, ihò fún afẹ́fẹ́, àti tẹmomítà, ó sàn kí ó jẹ́ méjì kí ọ̀kan lè máa jẹ́rìí èkejì. Bí ó bá ní fáànù nínú, 37.5 sí 37.8 lórí tẹmomítà Celsius ni a ń fẹ́. Bí kò bá ní fáànù, kí ó tó 38.5 ní ọ̀gangan orí ẹyin, nítorí ooru a máa lọ sókè. Gílóòbù àtijọ́ ni ó ń mú àpótí gbóná. Gílóòbù LED tí gbogbo wa ń lò báyìí kò ní ooru tí ó tó. Kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ní òfìfo fún odidi ọjọ́ kan, kí a rí i pé ooru rẹ̀ kò yẹ̀, kí a tó kó ẹyin sí i.

Ti iná mànàmáná ńkọ́? Gbogbo wa mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí, láti 2023 tí owó epo bẹntiróòlù sì ti gbẹ́nu sókè, kò rọrùn láti tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣe ṣí àpótí. Ẹ fi aṣọ tí ó nípọn bò ó, kí ẹ fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Bí ó bá ń pẹ́, ẹ rọ omi gbígbóná sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré, kí ẹ gbé e sínú àpótí láìjẹ́ kí ó kan ẹyin. Ooru tí ó pọ̀ jù ń pa ọmọ inú ẹyin kíákíá ju òtútù fún ìgbà díẹ̀ lọ, adìyẹ pàápàá a máa dìde lórí ẹyin lọ jẹun. Nítorí náà, kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ má ṣe tìtorí ẹ̀rù òtútù dáná yá ẹyin.

Yíyí ẹyin ni iṣẹ́ àwọn ọmọ. Bí ẹyin bá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ọmọ inú rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ èèpo, yóò sì kú. Ó kéré tán, kí a yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kí iye rẹ̀ sì jẹ́ wítírì. Ìrun márùn-ún ti bá wa yanjú èyí. Kí ọmọ fi pẹ́ńsù, kì í ṣe tàdáwà, kọ álífù sí ẹ̀gbẹ́ ẹyin kan, kí ó kọ báà sí ìkejì. Bí a bá kírun Àsùbáà tán, kí álífù wà lókè, lẹ́yìn Àyìlá kí ó kan báà, bẹ́ẹ̀ títí dé Ìṣáì. Nítorí pé márùn-ún ni, ẹ̀gbẹ́ tí ó wà lókè lálẹ́ àná kọ́ ni yóò wà lókè lálẹ́ òní, òru sì ni ẹyin ń pẹ́ jù láìyí. Kí a fọ ọwọ́ kí a tó fọwọ́ kàn án.

Omi inú àwo kò gbọdọ̀ gbẹ, kí ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ń wọn ọ̀rinrin, kí ó wà ní 50 sí 55 nínú 100 fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́. Ní etí ọ̀sà ní Ògùn Waterside, afẹ́fẹ́ ti ní omi nínú tẹ́lẹ̀, àwo kékeré lè tó. Nígbà ọyẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kì í tó.

Ní alẹ́ ọjọ́ keje, kí a pa iná yàrá, kí a gbé ẹyin sí ẹnu tọ́ọ̀ṣì. Èyí tí ó ní ọmọ yóò ní iṣan pupa tí ó tàn bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Èyí tí ó mọ́ gaara kò ní nǹkan kan nínú. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ yí po bí òrùka, ọmọ rẹ̀ ti kú. Ẹ yọ àwọn méjèèjì kúrò, kí wọ́n má baà bẹ́ lu àwọn yòókù, ẹ má sì dá wọn padà sínú kíréètì fún títà. Nínú Mukhtasar Khalil tí a ń kà nínú fíqíhù Maliki, ẹyin mọ́, àyàfi èyí tí ó ti di ọ̀bu. Nítorí náà, bí ọ̀bu bá bẹ́ sí aṣọ yín, ẹ fọ aṣọ náà kí ẹ tó kírun.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ẹ dẹ́kun yíyí. Ẹ fi kún omi kí ọ̀rinrin tó 65 sí 70, kí ẹ sì ti ẹ̀rọ pa. Níhìn-ín ni sùúrù ti ń tán lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wa. Ọmọ lè fi àgógó lu èèpo kí ó tó wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó jáde. Ẹ má ṣe bá a bó o, nítorí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú iṣan tí ó so ó mọ́ èèpo. Ẹ má sì ṣí ẹ̀rọ láti fi han aládùúgbò, atẹ́gùn gbígbẹ tí ó bá wọlé a máa mú awọ inú ẹyin gan mọ́ àwọn tí kò tíì jáde.

Àwọn òròmọdìyẹ lè dúró nínú ẹ̀rọ títí ara wọn yóò fi gbẹ. Pupa ẹyin tí ó wọ ikùn wọn tó wọn jẹ fún ọjọ́ kan sí méjì. Lẹ́yìn náà, kí a gbé wọn sí ibi tí ó gbóná tó 32 sí 35 fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí káfíńtà fá jáde lára pákó dára láti tẹ́ sábẹ́ wọn ju ìyẹ̀fun ẹnu ayùn lọ, nítorí wọ́n á máa ṣà á jẹ. Kí a sì pe dọ́kítà ẹran kíákíá kí ó kán òògùn àjẹsára lúkúlúkú sí wọn lójú, a lè kán an láti ọjọ́ tí wọ́n jáde.