Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Ijó Tí A Dá?

Bí ẹgbẹ́ òṣèré kan ní Ìjọra Badia bá fẹ́ ṣe eré Ọlá Rótìmí, ìwé wà lọ́jà tí wọ́n lè rà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ijó tí ẹnìkan dá ní ogún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n fẹ́ gbé sórí ìtàgé, wọn kì í sábà mọ ẹni tí wọn yóò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Òfin kọ́ ló fà á. Láti 1988 ni òfin Nàìjíríà ti ka ijó àtinúdá mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀, bó bá ṣáà ti wà nínú ìwé tàbí fídíò, ààbò rẹ̀ sì ń bẹ fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó dá a. Olùtọ́jú ni a kò ní: ẹni tí yóò pa fídíò, orin àti aṣọ ijó náà mọ́, tí yóò fún ẹgbẹ́ tó bá tọrọ rẹ̀ ní ìwé àṣẹ, tí yóò sì rán ẹni tó mọ̀ ọ́n jó lọ kọ́ wọn.

Iṣẹ́ yìí ju fídíò wíwò lọ. Ní 2020, àjọ tó ń tọ́jú iṣẹ́ Pina Bausch, ará Jámánì, kó oníjó láti orílẹ̀-èdè 14 nílẹ̀ Áfíríkà jọ sí École des Sables, ilé-ẹ̀kọ́ Germaine Acogny ní Sẹ̀nẹ̀gà, láti kọ́ wọn ní ijó The Rite of Spring tí Bausch dá ní 1975. Josephine Ann Endicott, tó ti bá Bausch jó, wà lára àwọn olùkọ́. Fídíò lè fi aṣọ pupa inú ijó náà hàn bó ṣe ń ti ọwọ́ obìnrin kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì. Bí mímí ẹni tó gbà á ṣe gbọ́dọ̀ yí padà, tàbí bí ẹsẹ̀ ṣe ń wúwo nínú erùpẹ̀ tí wọ́n dà sórí ìtàgé, ẹni tó ti jó o ló lè kọ́ni.

Àwọn kan yóò ní ijó kò ní olówó. Ta ló gbàṣẹ kó tó jó bàtá? Òótọ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ló ni bàtá, tàbí galala tí olórin Daddy Showkey gbé jáde láti Ajégúnlẹ̀. Gbogbo ìgboro ló ni ín. Àmọ́ ẹni tó fi galala hun odidi eré, tó ṣètò ìwọlé, ìjáde àti ìdákẹ́jẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àtakò owó ló wúwo jù. Ọmọ Badia, níbi tí ìjọba ti wó ọ̀pọ̀ ilé ní oṣù kejì 2013, ibo ni yóò ti rí owó àṣẹ? Ẹni tó ni ijó ló ń dá iye lé e: ó lè fún ẹgbẹ́ àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́, kó gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Bí kò bá sí ìwé àṣẹ, ilé-iṣẹ́ ńlá náà yóò gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Bí ilé bá sì wó, fídíò tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ. Gbọ̀ngàn ìtàgé Ìgànmú, tí wọ́n ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè báyìí, kò jìnnà sí Badia. Níbẹ̀ ló yẹ kí ibi ìpamọ́ ijó wà, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí fún àwọn oníjó àdúgbò.