Kí gómìnà tó kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tuntun

Láti oṣù kẹta ọdún 2023 ni òfin ti fún ìjọba ìpínlẹ̀ láyè láti ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ló láṣẹ lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí Ààrẹ Buhari tó buwọ́ lu àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ ló ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ti kún jù. Òótọ́ ni. Èèyàn 800 ni wọ́n kọ́ ti Ìkòyí fún lọ́dún 1955, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ti ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ tipẹ́.

Àmọ́ àwọn wo ló kún ibẹ̀? Káàkiri Nàìjíríà, nǹkan bíi méjì nínú mẹ́ta wọn ni kóòtù ò tíì dá lẹ́bi. ATM ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Kì í ṣe ti báńkì o, awaiting trial ni.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ọlọ́pàá mú ọmọkùnrin kan fún ìdigunjalè, wọ́n gbé e dé iwájú májísíréètì. Májísíréètì ò lágbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ yẹn, kóòtù gíga ló ni ín. Ó ní kí wọ́n lọ fi í pamọ́ sí Kiríkirì, kí ọlọ́pàá fi ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì DPP ìpínlẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ẹjọ́ wà ńbẹ̀. Fáìlì náà lè má kúrò ní téṣàn. IPO tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ lè ti gba transfer. Mo ti jókòó ní kóòtù kan rí tí wọ́n ní àwọn ṣì ń retí ìmọ̀ràn DPP, tí adájọ́ sún un síwájú. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìyá tó gbé oúnjẹ wá ò tíì rí ibi jókòó tí wọ́n fi mú ọmọ ẹ̀ padà sínú ọkọ̀.

Èkó ló kọ́kọ́ ṣòfin tuntun lórí ẹjọ́ ọ̀daràn, lọ́dún 2007. Ti ìjọba àpapọ̀ dé lọ́dún 2015, ó ní irú àtìmọ́lé yìí ò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí adájọ́ tó tún béèrè ìdí.

Ọlọ́pàá, ti Abùjá ni. Ṣùgbọ́n májísíréètì àti DPP, ti gómìnà ni. Ibẹ̀ ló yẹ kówó kọ́kọ́ lọ, lójú tèmi, kí wọ́n tó da kọnkéré ògiri kankan.

Tó bá kan èèyàn yín, ẹ bi IPO léèrè ọjọ́ tí fáìlì kúrò ní téṣàn, kẹ́ ẹ sì lọ wádìí ẹ̀ lọ́dọ̀ DPP. L'Ékòó, ọ̀fẹ́ ni agbẹjọ́rò OPD fún ẹni tí ò lówó.