Ẹ Jẹ́ Kí Ó Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Mú Ṣíbí

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Kò sí ẹni tí kò nílò ọwọ́ ẹlòmíràn nínú wa. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá tí ó ní ọmọ aláàbọ̀ ara nílé ni yóò yé jù lọ.

Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtọ́jú ilé ní Amẹ́ríkà, mo lo ìsinmi kan gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ní àgọ́ kan ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ aláàbọ̀ ara ti máa ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà ooru. Owó ni mo ń wá tí mo fi lọ, n kò ní purọ́ fún yín. Láti kùtùkùtù ni a ti ń gbé wọn láti orí ibùsùn sí orí kẹ̀kẹ́ arọ, tí à ń wẹ̀ fún wọn, tí à ń wọṣọ fún wọn, tí à ń gbé wọn lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Lóru, a ó dìde láti yí àwọn tí kò lè dá ara wọn yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí egbò má baà dá sí wọn lára. Láàrin èyí, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á kọrin, wọ́n á jà, wọ́n á sì parí ìjà bí ọmọ gbogbo ayé.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ní kí n jókòó ti ọmọbìnrin ọlọ́dún 16 kan nídìí oúnjẹ. Láti ìgbà ìbí rẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa, tí iṣan ara rẹ̀ kò fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ṣíbí a gbéra, a gbọ̀n, a da ìdajì ohun tí ó gbé sílẹ̀ kí ó tó dé ẹnu. Mo wo agogo, mo wo aṣọ rẹ̀ tí ó ti rin, ni mo bá gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a ṣe é kíá. Ó pa ẹnu dé. Nígbà tí ó ṣe, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀: “Ṣé mo sọ fún ọ pé ó ti rẹ̀ mí ni?”

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀gá wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní: “Bi í kí o tó ràn án lọ́wọ́. Bí o bá sì ti bi í, dúró gbọ́ èsì.”

Lóru ọjọ́ náà, ọmọ àbúrò bàbá mi ni mo ń rántí. Irú àìsàn kan náà ni ó ṣe é. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ọwọ́ bọ́ ọ títí ó fi pé ọmọ ọdún 14. Bí àlejò bá wọlé, a ó gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí ó fi ṣíbí lé e lọ́wọ́ rí nínú wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó bi í pé kí ni ó fẹ́ jẹ. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀yin ìyá, ṣùgbọ́n ìtìjú ń bá a gbé.

Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa Camp Jened, àgọ́ mìíràn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951 ní agbègbè òkè Catskill ní ìpínlẹ̀ New York yìí kan náà, tí ó sì kógbá sílé níbẹ̀ ní 1977. Judith Heumann, tí a bí ní 1947, wà lára àwọn ọmọ tí ó lọ síbẹ̀. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un kí ó tó pé ọmọ ọdún méjì. Nígbà tí ó tó ilé-ìwé lọ, wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní bí iná bá ṣẹ́ yọ, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò di ewu. Ní àgọ́ náà ni ó ti rí ẹgbẹ́, òun náà sì di alábòójútó níbẹ̀. Nínú fíìmù Crip Camp tí ó jáde ní 2020, a rí i tí ó ń bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí a sè. Ní oṣù kẹrin ọdún 1977, òun àti àwọn aláàbọ̀ ara tí ó lé ní 100 jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba ní San Francisco fún ohun tí ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ìjọba fọwọ́ sí ìlànà tí wọ́n ń bèèrè fún, èyí tí kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tí ó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ ta wọ́n nù. Ó di olóògbé ní 2023. Ẹ̀yin ìyá, ẹni tí a ń bi léèrè ohun tí ó fẹ́ jẹ lónìí ni yóò mọ bí a ti ń bèèrè ẹ̀tọ́ lọ́la.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó ka fífi ìyà jẹ aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ yàrá ẹ̀yìn. Àwa ìyá ni ó ń wọ ibẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí a lè ṣe.

Èkíní, ẹ má ṣe fún ọmọ bẹ́ẹ̀ lóúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀, kí oúnjẹ má baà pá a lórí. Ẹ gbé e jókòó dáadáa, kí òkèlè rẹ̀ sì kéré.

Èkejì, ẹ fi aṣọ tí ó mọ́ wé ìdí ṣíbí níbi tí yóò ti dì í mú, kí ó nípọn. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ àwo kí ó má baà yọ̀, kí etí àwo náà sì ga.

Ẹ̀kẹta, ẹ rán aṣọ tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà sí ìbàdí dípò bọ́tìnnì. Apá tí kò lágbára ni kí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bí ó bá ń bọ́ ọ, kí ó kọ́kọ́ yọ apá tí ó lágbára.

Ẹ̀kẹrin, ẹ máa bi í. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ gbé ẹ̀kọ àti ìrẹsì síwájú rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí ojú rẹ̀ ń lọ.

Nígbà tí mo padà dé, a wé ṣíbí ọmọ àbúrò bàbá mi. Oṣù mẹ́fà gbáko ni a fi ń nu ilẹ̀. Títí di òní, ọbẹ̀ ṣì máa ń dà sí i láyà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a sọ ọmọ mi lórúkọ, àárín àwọn àlejò ni ìyá rẹ̀ gbé àwo rẹ̀ sí. Obìnrin kan na ọwọ́ láti gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ bi í ná,” ni ìyá rẹ̀ wí.